Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Pa Mẹ́jọ Lójúmọ́

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdí máṣíìnì. Ara mi le. Mo mọ̀ pé owó lẹ máa kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Owó tí mo ní nílẹ̀: 412
Kẹ̀kẹ́, àlòkù: 240
Akoto: 25
Àgádágodo: 21
Iná iwájú àti ti ẹ̀yìn: 15
Pọ́ọ̀pù táyà: 9
Gbogbo ohun tí mo ná: 310
Ó ku: 102

Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ fi tó yín létí. Bọ́ọ̀sì ló lé mi débẹ̀. Yàrá tí mo gbà ò jìnnà sí ìgboro rárá. Bí mo bá dúró lójú fèrèsé, mò ń rí òrùlé òtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń fọṣọ. Síbẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi ní àlọ, mẹ́rin ní àbọ̀. Owó náà ì bá má dùn mí tó báyìí bí inú ọkọ̀ bá mọ́. Ìyá mi, ẹ̀gbin ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jókòó, mo bá rí i pé ìdí mi tutù. Òjò ò rọ̀, fèrèsé ò sì ṣí. Ìtọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni mo fi aṣọ iṣẹ́ mi nù. Mo dìde dúró, ọkùnrin kan sì gbé apá sókè di irin mú, abíyá rẹ̀ ń kán sí mi létí bí omi inú ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹnìkan tún ti lẹ ṣingọ́ọ̀mù tó jẹ kù mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó. Irun mi ló gbà á. Sáàsì ni mo fi gé e kúrò. Kí n máa san mẹ́jọ lójúmọ́ kí wọ́n lè máa tọ̀ sí mi lára? Rárá o.

Ní báyìí, iye tí kẹ̀kẹ́ ń pa fún mi lójúmọ́ jẹ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni mò ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, 48 nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ keje tó parí, yóò ti pa owó tí mo fi rà á padà, èyí tó bá tẹ̀lé e di èrè.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní ohun kan. Ẹ bá mi rán ṣòkòtò kan tí ìdí rẹ̀ nípọn, tó lè fara da ìjókòó kẹ̀kẹ́. Àwọn ti ibí wọ́n, wọn ò sì lágbára.

Mi ò pè yín lórí fóònù nítorí owó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó láti fi lẹ́tà mẹ́ta ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní bá mi jà lórí ìyẹn.

Èmi ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kejì

Ọmọ mi, Oníṣirò mi,

Báwo ni òtútù ibẹ̀? Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó ń dún bí ìlẹ̀kùn. Lẹ́tà rẹ dé nígbà tí mo fẹ́ jẹun ọ̀sán. Mo ka ti bọ́ọ̀sì, mo sì fi ọmọrí dé oúnjẹ. Tùẹ̀! Ènìyàn ló ṣe irú èyí tàbí ewúrẹ́? Fọ aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sá a sí oòrùn bí wọ́n bá ní oòrùn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi kẹ̀kẹ́, inú mi dùn débi pé mo ké ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn aláìnítìjú tó ń sọ fún mi pé, "Ọmọ tìrẹ náà kúkú lọ ń fọ aṣọ ibùsùn olóòórùn lókè òkun," mo ti dá wọn lóhùn. Mo ní, "Ó ti ní kẹ̀kẹ́. Mẹ́jọ lójúmọ́." Mo fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò rẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ: ẹyọ kan owó ibẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún níbí, mẹ́jọ jẹ́ 800. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lóṣù, 20,800 nìyẹn. Obìnrin tó ń ta ìpara ní òdìkejì ojú ọ̀nà sọ pé òun náà á rán ọmọ òun wá bá ọ.

Ta lo gbé e lé lọ́wọ́? Má gbé e lé ọ̀mùtí lọ́wọ́ o, bó ti wù kó jẹ́ ọmọlúwàbí tó. Ọ̀mùtí á mú owó ojúmọ́ wá lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì á mú àwáwí wá. Epo ńkọ́? Ṣé kì í mu epo jù? Ní ti ṣòkòtò, kọ ìwọ̀n ìdí ránṣẹ́ kí n lè gé e.

O rántí Baba Ẹ̀rín tó ń ta máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfowópamọ́, ẹni tí eyín rẹ̀ kì í wọlé? Ó ní máṣíìnì oníná kan báyìí tó ń fi òwú ya òdòdó sára aṣọ fúnra rẹ̀. 180,000. Ó ní kí n máa san 15,000 lóṣù fún oṣù méjìlá. Mo lọ wò ó, mo wò ó lásán ni. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti sú títẹ èyí tí mo ní.

Ìyá rẹ, aránṣọ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú orúnkún o. Ẹ máa fi omi gbígbóná jó o.

Mi ò gbé kẹ̀kẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ta ni mo fẹ́ gbé e fún ní ìlú tí wọ́n ti ń jí ìdérí ìkòkò? Èmi fúnra mi ni mò ń wà á. Epo tó ń mu ò tó nǹkan rárá. Mo ra ìgò kékeré kan, kò ju ìgò oògùn ikọ́ lọ, yóò sì lò ó fún oṣù mẹ́ta. Ìwọ̀n ìdí jẹ́ ínǹṣì ogójì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, búrẹ́dì ló fà á.

Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbin bọ́ọ̀sì. Mi ò mọ̀ pé ojú títì náà ní tirẹ̀. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ yìí tẹ́lẹ̀ ti yọ irin tó ń bo táyà ẹ̀yìn, kò sọ fún mi. Lọ́jọ́ Àìkú, ajá kan ti ṣe ohun tí ajá ń ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, táyà mi gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì fọ́n ọn láti ìdí títí dé ẹ̀yìn ọrùn mi. Mi ò mọ̀. Mo wọ ilé ìfọṣọ, mo jókòó. Afínjú, tí àwa méjèèjì jọ ń lọ aṣọ ibùsùn, fa ṣéà rẹ̀ sẹ́yìn.

Ó ní, "Òórùn kí lèyí?"

Mo ní, "Bóyá ti ajá ni."

"Ajá ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Òun mọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ti buwọ́ lù ọ́ lẹ́yìn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ó má bàa dà bí ẹni pé mò ń bínú. Wákàtí mẹ́jọ ni mo fi lọ aṣọ funfun fún àwọn tó rí owó sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ìgbẹ́ ajá sì wà ní kọ́là mi.

Àwọn onímọ́tò tún burú ju ajá lọ. Ọ̀kan sọ gíláàsì kalẹ̀ nígbà tí iná dá wa dúró, ó pọ itọ́ láti ọ̀fun wá, ó tutọ́. Kò wo ibi tó ń tu ú sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló gbà á, ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìyá mi, mo fọ ojú títí ó fi ń ta mí. Síbẹ̀ mo ṣì ń rántí bó ṣe lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe yá nǹkankan lọ́wọ́ Baba Ẹ̀rín kí a tó jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀, ohun kan wà tó mọ̀ tí ẹ ò mọ̀.

Èmi ọmọ yín ni.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mi ò lè kí ọ kí n tó sọ̀rọ̀. Ìwọ fúnra rẹ? Ọmọ tí mo fi abẹ́rẹ́ tọ́, tí mo rán lọ sókè òkun, òun ló wá jókòó sí iwájú kẹ̀kẹ́ tó ń ké ní oríta pé "Ó ku ẹnìkan, wọlé ká máa lọ"? Kí ọkùnrin onísálúbàtà fi orúnkún ta ọ́ lẹ́yìn pé "Dá mi dúró níbí"? Kí wọ́n fi owó ìdọ̀tí tí wọ́n ti rọ́ sí abẹ́ ọmú lé ọ lọ́wọ́? Ó rí mi lára. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tutọ́ sí ọ. Ẹni bá ń kó èrò kò níyì lójú ẹnikẹ́ni. Èrò mélòó tilẹ̀ lò ń kó lẹ́ẹ̀kan? Má kó ju mẹ́ta lọ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa já.

Mo ti rán ṣòkòtò náà, ó wà nínú àpò tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo fi aṣọ ìlọ́po mẹ́ta sí ìdí rẹ̀. Máṣíìnì tuntun ni mo fi rán an. Bẹ́ẹ̀ ni, o kà á dáadáa. Lẹ́tà tí o ti ní kí n má yá nǹkan, ó dé lẹ́yìn tí mo ti tẹ ìka sí ìwé ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí. Mo san 15,000 àkọ́kọ́ láti inú owó tí mo kó jọ, ó ku 165,000. Ó ní kí n fi ohun kan ṣe ìdúró, mo sì fi orí máṣíìnì mi àtijọ́ ṣe é. Bí oṣù méjì bá kọjá tí mi ò san, á wá kó tuntun lọ, á sì tún gbé orí àtijọ́. Ṣùgbọ́n kí ló máa fa ìyẹn? 20,800 lóṣù ni kẹ̀kẹ́ ń mú wọlé. Bí a bá yọ 15,000, 5,800 ṣì kù fún ìwọ náà.

Nígbà tí mo sọ fún Baba Ẹ̀rín pé kẹ̀kẹ́ tìrẹ ò mu ju ìgò oògùn ikọ́ kan lọ ní oṣù mẹ́ta, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ètè rẹ̀ tó pàdé. Ó ní, "Ìyá aránṣọ, ẹ bá mi ra ọ̀kan."

Fi 150 ránṣẹ́ kí oṣù kẹrin tó mọ́. Kí o sì wá ọkùnrin gidi kan gbé kẹ̀kẹ́ yẹn fún, mo bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Èrò wo?

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo rà. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Èyí tí ènìyàn ń gùn lẹ́yìn bí ẹṣin, tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Kò ní ìjókòó ẹ̀yìn. Bí mo bá gbé àpò ìrẹsì kékeré kan sí i, ó ń mì. Epo tí mo wí, epo tí mò ń kán sí ṣéènì ni, kí ó má bàa máa ké.

Mẹ́jọ lójúmọ́ ni owó bọ́ọ̀sì tí mi ò san mọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń kó owó fún mi. Mò ń pa owó mọ́ ni, mi ò pa owó. Mo ti ka lẹ́tà yín fún Afínjú, nítorí mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ tí a ti lọ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ dá máṣíìnì yẹn padà lónìí, kí ó tó di àlòkù. Ẹ má dúró de lẹ́tà mìíràn.

Ṣòkòtò dé. Ẹ ṣé. Ó bá mi mu.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin

Oníṣirò,

Mo gbọ́.

Mo lọ wá lẹ́tà rẹ ti oṣù kejì jáde láti inú àpótí bọ́tìnnì. Mo gbé e sí ojú oòrùn, mo wọ awò. Ohun tí o kọ nìyí: "iye tí kẹ̀kẹ́ ń pa fún mi lójúmọ́ jẹ́ mẹ́jọ." "Mọ́" dà? Wá a fún mi. Ẹni tó ń tọ́jú owó, ó ń pa á mọ́. Ẹni tó ń wá owó wọlé, ó ń pa á. Álífábẹ́ẹ̀tì méjì péré. Ìwọ tí o ka owó pọ́ọ̀pù táyà sí mi létí, tí o mọ iye tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń jẹ, o wá ń ṣahun álífábẹ́ẹ̀tì méjì fún ìyá rẹ. Bí o bá ná wọn, mi ì bá má jẹ 165,000.

Má sọ fún mi pé ó yẹ kí n mọ̀ nítorí akoto. Mo rí akoto. Mo ní bóyá òfin ibẹ̀ nìyẹn, nítorí ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí ẹ kì í fi òfin dè. Níbí, bí ènìyàn bá ní òun ra kẹ̀kẹ́, kò sí ẹni tó ń bi í ẹsẹ̀ mélòó. Bàbá rẹ nìkan ni mo mọ̀ tó ń gun ológeere, títí tí ó fi kú ni wọ́n sì ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ara mi ń rí mi lára. Mo gbé ẹnu sókè ní gbogbo àdúgbò. Obìnrin onípara ṣì ń béèrè ìgbà tí ọmọ òun máa wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó èrò. Mo wò ó, mo ní ọ̀nà ò tíì là.

Mo gbé máṣíìnì lọ sí ọ̀dọ̀ Baba Ẹ̀rín kí n lè dá a padà. Ó na ọwọ́ sí abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó rí òwú dúdú. Ó ní, "Ẹ ti lò ó, ìyá." Mo ní ṣòkòtò kan ṣoṣo ni. Ó ní, "Ṣòkòtò kan ṣoṣo tí mo bọ́ náà ni ìyàwó mi fi lóyún." Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbé e padà wálé lórí, bí ẹni gbé òkú.

Ti oṣù yìí ti kọjá. Bí ti oṣù karùn-ún bá kọjá pẹ̀lú, ó ń bọ̀. Gbọ́ mi. Owó tí a ò ná, owó náà ni. 208 ni bọ́ọ̀sì ń gbà lọ́wọ́ rẹ lóṣù tẹ́lẹ̀. Níbo ni 208 náà wà báyìí? Mú 150 nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń pa á mọ́ lóòótọ́, kí ó mú un jáde.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú wàhálà. Mo ti kọ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ya á.

Ẹ bi mí ní ibi tí 208 wà. Ọ̀dọ̀ onílé ni. Nígbà tí mo ra kẹ̀kẹ́, mo ti jẹ ẹ́ ní owó oṣù mẹ́ta, 300 lóṣù, 900. Mi ò sọ fún yín nítorí pé ẹ ó máa fi òru ronú. Bí mo bá kó 412 mi fún un lọ́jọ́ náà, màá ṣì jẹ ẹ́ ní 488, bọ́ọ̀sì á sì máa gbà mí ní 208 lóṣooṣù. Bí mo bá ra kẹ̀kẹ́, màá lè máa fi 200 dí i. Ìyẹn ni mo ṣe. Mo ti san 600 nínú gbèsè àtijọ́, ó ku 300. Ìṣirò náà kò burú. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ìyá mi nínú rẹ̀.

Onílé yẹn, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Ó máa ń wá gba owó pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Ó ń ka owó, èérún ń já sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó sì ń fi ìka tó fi nu ẹnu tọ́ ògiri mi wò pé ṣé mo ti kan ìṣó sí i. Bó bá ti lọ, mo máa ń fọ ibi tó fọwọ́ kàn.

Èyí tó tún burú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dé ìta ilé ìfọṣọ, mo bá kẹ̀kẹ́ níbi tí mo so ó mọ́, àgádágodo ṣì wà ní títì, ìjókòó ti lọ. Wọ́n yọ ọ́ lórí irin bí ẹni já orí ẹja. Irin ihò lásán ló dúró, ẹnìkan sì ti ju tíṣù tó fi fun ikun sínú ihò náà. Kí ni ó fẹ́ kí n ṣe? 30 ni wọ́n ń ta ìjókòó tuntun. Mi ò ní in. Mò ń dúró tẹ̀ ẹ́ lọ, mò ń dúró tẹ̀ ẹ́ bọ̀, orúnkún tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ sí dún.

Ọkùnrin kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ẹ̀gbẹ́ afárá sọ pé òun á rà á ní 170 bó ṣe wà yẹn. Ìyẹn 17,000 lọ́dọ̀ yín. Yóò san ti oṣù kan, 2,000 á kù. Bí ẹ bá ti kọ̀wé pé kí n tà á, ọjọ́ náà ni mo máa tà á. Ẹ kọ ọ́ kedere, ẹ jọ̀ọ́. Tà, tàbí má tà.

Mo jẹ̀bi ti "mọ́" tí mi ò kọ. Ẹ má bínú.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Ẹ ò fèsì. Lẹ́tà kì í pẹ́ tó báyìí. Mo ti béèrè lọ́dọ̀ àwọn onílẹ́tà, wọ́n ní kò sí nǹkankan fún mi, ọ̀kan nínú wọn ń họ imú bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo fi 100 ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfowópamọ́. Wọ́n gba 6 lórí rẹ̀ kó tó kúrò níbí, olè ni wọ́n. 10,000 gbọ́dọ̀ pé ọwọ́ yín, ẹ kà á. Nínú owó onílé ni mo ti yọ ọ́. Ó wá lánàá, mo sọ fún un, ó gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́nu kí ó lè pariwo dáadáa. Ó fún mi di ìparí oṣù.

Ṣé wọ́n ti wá? Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sínú lẹ́tà kí n lè kà á.

Èmi ni.


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mi ò bínú. Mi ò fẹ́ kọ̀wé títí màá fi mọ iye tí mo lè rí san.

Wọ́n wá ní ọjọ́ kẹta tí oṣù karùn-ún wọlé, Baba Ẹ̀rín àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì. Mo ń gé aṣọ funfun fún ẹnìkan tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìnkú. Ó wọlé, kò kí mi, ó jókòó lé aṣọ náà. Ó wọ ṣòkòtò tó fi jókòó sí inú ọkọ̀ ẹrù, ó wá fi ìdí yẹn tẹ aṣọ òkú olókùú. Mo ní, "Baba, ẹ dìde." Ó ní, "Ẹ san owó, màá dìde."

Mo ní kí ó gbé máṣíìnì rẹ̀ máa lọ. Ó ní òun á gbé e, àmọ́ kì í ṣe tuntun mọ́. Òun ò ní rí ẹni rà á ju 140,000 lọ. 40,000 ti wọ ilẹ̀ lára rẹ̀, ó ní èmi ni màá san ìyẹn. Mo ti san 15,000, ó ku 25,000. Mo ní, "Ṣòkòtò kan, 40,000?" Ó fi itọ́ pa ìka, ó ṣí ìwé tí mo tẹ ìka sí, ó fi ìka tútù yẹn hàn mí ní ojú ìlà. Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Mi ò kà á. Mo ti ń ka 20,800 lọ́kàn nígbà náà.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé tuntun lọ, wọ́n sì tú orí máṣíìnì mi àtijọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ó di ìgbà tí mo bá san 25,000 náà. Máṣíìnì tí mo ti fi epo pa fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n dì í lọ́rùn mú bí adìyẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti tábìlì nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń gbé àpamọ́wọ́ lé e lórí. Ọwọ́ ni mo fi ń ránṣọ báyìí. Etí aṣọ, ihò bọ́tìnnì, àtúnṣe. Mo ń rí bí 400 lójúmọ́ tí ojú ò bá dùn mí. Aṣọ funfun yẹn, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, àmì ìdí rẹ̀ ò lọ tán. Mo fi lésì bò ó.

Owó rẹ dé. 10,000 pé. Mo gbé e lọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú itọ́, ó ní ó ku 15,000.

Ní ti kẹ̀kẹ́: má tà á. O ní kí n kọ ọ́ kedere, mo ti kọ ọ́. Bí o bá tà á, 170 ni o máa rí lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀sì á sì gba 208 lọ́wọ́ rẹ kí oṣù náà tó parí. Ìwọ á wá jẹ 38, wàá sì tún wà nínú ìtọ̀. Irú ìṣirò wo nìyẹn? Ra ìjókòó 30 yẹn kí o tó fi nǹkankan ránṣẹ́ sí mi mọ́. Orúnkún kan tó ń dún ti tó nínú ilé wa. Sì san owó onílé, kí o lè rí ògiri tìrẹ fọ̀. Bí o bá tún jẹ gbèsè, sọ ọ́ fún mi. Òru tí mo fi ronú, èmi ni mo ni ín.

Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Baba Ẹ̀rín lánàá. Ó ti gbé orí máṣíìnì mi sí ojú gíláàsì. Ó nù ún, ó sì so páálí mọ́ ọn lọ́rùn: 22,000. Mo wọlé, mo ní tèmi ni, ìdúró ni mo fi ṣe, kì í ṣe títà. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun ń dúró dè mí títí di ọjọ́ kìíní oṣù keje, òun kàn fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa wò ó títí di ìgbà náà. Ó rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń jáde, obìnrin kan ń yí àgbá rẹ̀ wò, ó ń béèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo kó àpótí bọ́tìnnì dà sílẹ̀ nígbà tí mo délé, mo kó gbogbo owó tó wà nínú rẹ̀ jọ: 3,200.

Ó ku 11,800.

Ìyá rẹ.